Ìjà Tó Jí Òpópónà Leso

Awò ojú ló fa gbogbo rẹ̀. Ká ní Bi Mwanakombo ò jókòó lé awò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, kó fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lábẹ́, táyà ni ì bá kún Òpópónà Leso lónìí.

Ẹrù ló ń dì lọ́jọ́ náà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, opó ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ó fẹ́ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Malindi. Ọmọ náà kì í jẹ́ kí fóònù sinmi. Á ní, "Màmá, kí lẹ ń ṣọ́ níbẹ̀? Ṣé bàsíà oníke lẹ fẹ́ máa wò títí Ọlọ́run á fi pè yín?" Ìyá á bú u, á pa fóònù, á sì yọjú wo ìta. Bàsíà oníke lóòótọ́ ló tò rẹrẹ níwájú ìsọ̀ tó wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, ilẹ̀kùn onírin tí ìpẹtà ti jẹ ni.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn òpópónà yẹn kọ́ nìyẹn. Nígbà ayé Bi Nuru, ìyá ọkọ rẹ̀, ìsọ̀ mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, láti ìdí mọ́ṣáláṣí kékeré títí dé ọ̀nà tó já sí èbúté, leso, aṣọ tí àwọn obìnrin etíkun máa ń ró, sì ni gbogbo wọn ń tà. Àwọn ọmọ Mombasa ń tà á, àwọn ọmọ Yemen ń tà á, àwọn tí baba ńlá wọn bá ọkọ̀ onígbòkun wá láti Íńdíà ń tà á. Wọ́n á ta okùn láti orí òrùlé kan sí èkejì, wọ́n á fi aṣọ kọ́ ọ, tó fi jẹ́ pé oòrùn gan-an á kọ́kọ́ tọrọ àyè kó tó kan ilẹ̀. Bí leso tuntun bá dé, àwọn obìnrin á ti wà lẹ́nu ìsọ̀ láti ìdájí. Wọn kì í wo àwọ̀ kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀. Leso tí kò lọ́rọ̀, aṣọ ìnulẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyàwó fi ń bá ọkọ jà láìlanu, òun ni ìyá ọkọ fi ń kí ìyàwó ilé, òun ni wọ́n fi ń bú aládùúgbò. Bí aládùúgbò bá sì ní, "Ṣé èmi lò ń bá wí?" wọ́n á ní, "Èmi kẹ̀? Aṣọ ni mo ró."

Àmọ́ ayé yí. Àwọn ilé ìtajà ńlá tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú wọn ṣí sí òdìkejì afárá. Àwọn ọmọ oníṣòwò lọ sí Kánádà, wọn ò padà. Àwọn tó kù ń ra aṣọ lórí fóònù. Mọ́kànlélógójì di ogún, ogún di mẹ́sàn-án. Ẹni tó ni ilé wá sọ fún wọn pé bí ọdún bá parí, oníṣòwò táyà kan máa gba gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò máa fi kó ẹrù sí.

Nínú mẹ́sàn-án tó kù, èyí tó kọjú sí ti Bi Mwanakombo gan-an ni ìsọ̀ Bi Zamzam. Àwọn méjèèjì jọ lo wàláà kan nílé kéú ni. Kombo, bí Zamzam ṣe ń pe Mwanakombo, ló gbé abọ́ làálì níjọ́ ìgbéyàwó Zamzam, Zamzam ló sì sunkún jù nígbà tí ọkọ Kombo kú. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mọ́kànlá tí wọn kò ti kí ara wọn. Bi Mwanakombo ló mọ ọ̀rọ̀ leso dá jù ní gbogbo etíkun yẹn. Ní ọjọ́ kan, nínú ilé ìdáná Zamzam, ó dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: "Ìfẹ́ tèmi kì í ṣe ẹja, kì í rà." Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sáṣọ, ó rí i lára leso tuntun lẹ́nu ọ̀nà Zamzam. Láti Lamu títí dé Vanga, kò sí ìyàwó tí kò ró o. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn lójoojúmọ́ kọjá òpópónà tí kẹ̀kẹ́ ẹrù méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀, bí ẹni wo ògiri.

Ká padà sí ọjọ́ Ajé. Ní ìsàlẹ̀ àpótí Bi Nuru, Bi Mwanakombo rí leso àtijọ́ kan, pupa pẹ̀lú dúdú. Òórùn káńfọ̀ tó wà lára rẹ̀ lè mú ewúrẹ́ sín. Ó ní kí òun sá a kí òun tó dì í. Ó gbé e kọ́ sórí okùn níwájú ìsọ̀, ó padà sídìí ẹrù rẹ̀. Kò ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Awò kò sí lójú, kí ló fẹ́ fi kà á?

Shee aránṣọ, ẹni tó máa ń ṣẹ́ etí leso lábẹ́ ìbòòji láàárín ìsọ̀ méjèèjì, ló kọ́kọ́ gbójú sókè. Ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ gbì.

"Bi Mwanakombo," ló pè é, jẹ́jẹ́. "Ṣé ẹ ti pinnu lóòótọ́?"

"Mo ti pinnu tipẹ́." Malindi ló rò pé ó ń wí.

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù kí ni? Kí ló kù láyé yìí tí n ó máa bẹ̀rù?"

"Ó dáa o," ni Shee wí. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó sún sẹ́yìn.

Ohun tó wà lára leso náà nìyí: "Bó o jí orin mi kọ, o ò lè jí ohùn mi."

Bi Zamzam jáde láti gbálẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé. Wọ́n gbọ́ gbàgà, wọ́n gbọ́ gbìì, bí ẹni tó ń tú àpótí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó jáde, leso pupa rẹ́súrẹ́sú kan ló gbé lọ́wọ́, ó gbé e kọ́ sókè, ó dúró tì í, ọwọ́ níbàdí.

"Shee, kí ló kọ́ síbẹ̀ yẹn?" ni Bi Mwanakombo béèrè, ó ń fún ojú pọ̀.

"Ó ní, 'Ẹni tó ń ṣọ́ ilé mi, ta ló ń ṣọ́ tirẹ̀?'"

"Ha! Kí ni mo ṣe fún un?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé tiyín kọ́." Ó wá ka èyí tó wà lórí okùn rẹ̀ fún un.

 Òótọ́ ni pé ó yẹ kí Bi Mwanakombo sọdá, kó ní káńfọ̀ lòun ń lé, kó bẹ Zamzam. Ṣùgbọ́n ohun kan gbéra láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba eékún, ó gba àyà, ó dé ẹnu. Ó tó ọdún mọ́kànlá tí ara rẹ̀ ti yá tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Shee! Bá mi tú ẹrù yẹn!"

"Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá yín dì?"

"Gbogbo rẹ̀! Kó o sì tọ́ mi sọ́nà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta awò. Ta ní ń jagun lójú dídì?"

Ní ọjọ́ kejì, ó ti rí awò tuntun. Ó gbé tirẹ̀ kọ́: "Ojú mi ríran, ẹnu mi ló dákẹ́." Bi Zamzam fèsì: "Mo jẹ, mo yó, mo tún nu ẹnu, kí lo rí wí?" Ní ọjọ́ kẹta, àwọn obìnrin méjì tó wá ra bàsíà dúró, wọ́n kà á, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ra leso méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá ọkọ mi máa rí èyí lónìí!" Ní ọjọ́ karùn-ún, ogún obìnrin ti ń dúró kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, àwọn ará Likoni ti ń wọ ọkọ̀ ìsọdá orí omi wá, àwọn ará Kisauni ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, gbogbo wọn ń bi ara wọn lọ́nà pé, "Kí ni wọ́n sọ lónìí? Ta ló ń borí?"

Baba tó ń ta kọfí kíkorò, tó ti lọ síbi èbúté, padà wá pẹ̀lú ìkòkò bàbà rẹ̀, ó ń mi ife rẹ̀ ṣaworo-ṣaworo. Oníkaṣata dé pẹ̀lú àdídùn àgbọn rẹ̀. Ẹlẹ́gẹ́ dídín dé pẹ̀lú ata àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹni tó ń ta bàsíà kó bàsíà kúrò níwájú, ó fi leso síbẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé aṣọ ṣì ń tà. Ilẹ̀kùn onírin tó wà lápá òsì, ọkùnrin mẹ́ta ló fi epo àti òòlù ṣí i. Ológbò méje ló sáré jáde níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú àpótí wá tán. Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá tuntun, Shee ni wọ́n sì ń gbé e fún, kó fi òwú kọ ọ́ sára aṣọ kí àwọn atẹ̀wé tó tẹ púpọ̀ jáde. Shee di ọba. Òun nìkan ló mọ ohun tí Bi Mwanakombo máa sọ lọ́la àti ohun tí Bi Zamzam máa fi dá a lóhùn. Àwọn obìnrin ń fi kọfí àti kaṣata bẹ̀ ẹ́ kó ta wọ́n lólobó. Á mu kọfí, á jẹ kaṣata, á wá ní, "Ọ̀rọ̀ ọ̀hún gbóná. Ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání."

Oníṣòwò táyà náà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan láti wá wọn ilẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni. Ọkọ̀ wọn kò ráyè wọlé, wọ́n fẹsẹ̀ rìn, èrò gbé ìyàwó lọ sí apá kan, ó gbé ọkọ sí apá kejì pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi rí ara wọn, ìyàwó ti ra leso mẹ́rin.

"Ibí yìí lo fẹ́ kó táyà sí?" ló bi ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Ṣé ibòmíràn ò sí láyé ni?"

Ọkùnrin náà wo leso tí ìyàwó rẹ̀ ti ró. Ó kà á. Ó ká okùn rẹ̀. Òun kọ́ ló máa pàdánù àlàáfíà ilé rẹ̀ nítorí táyà.

Ọmọ Bi Mwanakombo pè láti Malindi pé òun ti kun yàrá. Ìyá ní kó fi sin adìẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ tó fi di ọjọ́ Àlàmísì kan tí Bi Zamzam kò ṣí ìsọ̀. Èrò dúró. Oòrùn mú. Wọ́n ní, "Ó ti sá!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Bi Mwanakombo pé ó ti borí. Ẹnu ya òun náà pé pàtẹ́wọ́ ọ̀hún kò dùn mọ́ òun nínú rárá. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó kó mahamri mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo sínú abọ́, ó fi aṣọ dúdú bo orí dé imú, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé Zamzam ní Ìlú Àtijọ́. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Ọ̀tá rẹ ni."

"Èwo nínú wọn? Wọ́n pọ̀."

"Èyí tó mọ̀ pé o kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

Ó fọwọ́ tì í, ó ṣí. Bi Zamzam sùn gbalaja sórí ibùsùn olókùn, ó fi gèlè di orí pinpin.

"Ibà ni?" ni Bi Mwanakombo béèrè.

"Kì í ṣe ibà."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Rárá."

"Kí wá ni, Zamzam? Má pa mí!"

Zamzam kọjú sógiri. "Ọ̀rọ̀ ló tán nínú mi."

"Kí ló tán?"

"Ọ̀rọ̀! Láti àná ni mo ti ń wá èsì sí èyí tó o gbé kọ́. 'Òkun kì í gbẹ nítorí pé akàn ń bínú.' Mo wá èsì nínú àpótí, n ò rí i. Mo wà lórí ìrun, mo ṣì ń wá a, kí Ọlọ́run foríjì mí. O ti pa mí, Kombo. Jẹ́ kí n sùn."

Bi Mwanakombo gbé abọ́ kalẹ̀. "Ìyẹn náà lo ò rí èsì sí? Sọ pé, 'Akàn ni mí lóòótọ́, mo mọ ihò tó o sá sí.'"

Ọ̀rọ̀ náà ró nínú yàrá. Bi Zamzam yíjú padà díẹ̀díẹ̀, ó dìde jókòó, gèlè bọ́ sílẹ̀.

"Kombo, ìyẹn mà dùn o. Ó máa dùn ọ́ wọra!"

"Mo mọ̀. Ó ti ń dùn mí báyìí."

"Ṣé wàá fún mi?"

"Gbà á. Ìwọ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á."

 Eṣinṣin kan bà lé mahamri, kò sẹ́ni tó lé e.

"Mo jí i," ni Bi Zamzam wí. "Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹ̀gbẹ́ ààrò yẹn lo wà, ò ń bó àlùbọ́sà, o sọ ọ́, o sì gbàgbé ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mọ́ mi jù. Mo ní bí n ò bá tẹ̀ ẹ́ sáṣọ, á bá èèpo àlùbọ́sà lọ. Mo fẹ́ wá sọ fún ọ lọ́jọ́ kejì, ojú tì mí. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹwàá, ìwọ náà ti dijú sí mi, n ò wá mọ ibi tí n bá gbà wọlé."

Bi Mwanakombo wò ó títí. Ó ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ yìí láti ọdún mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ tó gbóná, tó gún régé. Ó wá wọn nínú ara rẹ̀, kò rí ẹyọ kan. Ẹ̀rín ló rí.

"Ọdún mọ́kànlá, Zamzam! Nítorí ẹja!"

"Ẹja tí kì í rà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n di ara wọn mú, ibùsùn olókùn ń ké kíun-kíun lábẹ́ wọn. Wọ́n jẹ mahamri tán. Ìgbà náà ni Bi Zamzam ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Yéè! Bí wọ́n bá gbọ́ pé a ti rẹ́ ńkọ́? Gbogbo wọn á lọ sílé."

"Ta ló máa sọ fún wọn?" ni Bi Mwanakombo wí.

Bí wọ́n ṣe di ọ̀tá lójú ọjà, tí wọ́n di ọ̀rẹ́ nílé ìdáná nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó ti ààrò, wọ́n á máa dá èébú ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀, kálukú ń dá èyí tí wọ́n máa fi bú òun fúnra rẹ̀, torí pé ta ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta ni ju ẹni tó wọ̀ ọ́? Ní ọjọ́ kejì, wọ́n á kọjú síra wọn bí àgbò méjì. Bi Mwanakombo á tutọ́ sílẹ̀. Bi Zamzam á gbá ilẹ̀kùn dé. Òpópónà á hó yèè. Shee rí i pé ìkọ̀wé kan náà ló wà lórí ìwé méjèèjì tó ń tẹ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kaṣata.

Ó wá di Sátidé tó gbẹ̀yìn kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n lè ju abẹ́rẹ́ sí. Ìsọ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ṣí, okùn ti padà sókè láti òrùlé dé òrùlé. Bi Zamzam gba inú èrò jáde pẹ̀lú leso ọjọ́ náà, ó tú u. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n jọ dá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òun nìkan ló lọ dá èyí: "Àgbà tó ń han-an-run bí ọkọ̀ Likoni, oorun rẹ̀ ò pamọ́."

Èrò ké, "Yeee!" Wọ́n yíjú sí Bi Mwanakombo láti wo bí yóò ṣe bínú. Ó gbìyànjú. Ó fa ojú ro, ó gbé ìka sókè. Ó wá rántí pé oorun gbé òun lọ lóòótọ́ nídìí ààrò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀rín sì yọ́ jáde nímú rẹ̀.

Obìnrin sísanra kan láti Likoni, Mejumaa lorúkọ rẹ̀, gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́ ná! Ẹ dákẹ́! Níbo ni Bi Zamzam ti gbọ́ tó ń han-an-run?"

 Baba kọfí pàápàá di ife rẹ̀ mú.

Ni Bi Mwanakombo bá tú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí Bi Zamzam rí i nílẹ̀, òun náà di òpó ìsọ̀ rẹ̀ mú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ ti rẹ́!" ni Mejumaa pariwo. "Ẹ̀yin àgbà méjèèjì ti rẹ́!"

"Ó ti tó oṣù méjì," ni Bi Mwanakombo jẹ́wọ́.  Ó wo ojú àwọn èèyàn náà, kò rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá ń ta ìjà tí ẹ̀yin fúnra yín ò jà mọ́ fún wa?" Mejumaa ti ń fi ọwọ́ la àárín èrò bọ̀. "Ó dáa náà! Èmi àti orogún mi ò tíì kí ara wa láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí leso tí mo rà níbí yìí! Ta ni yóò parí tiwa?"

Ohùn kan dáhùn láti apá Bi Zamzam. "Ta lò ń pè lórogún níbẹ̀ yẹn?"

Èrò là sí méjì. Saumu ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ró leso alákàn. Mejumaa ló ró ti òkun.

"O tẹ̀ lé mi wá!" ni Mejumaa wí.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ìsọdá! Ẹ̀yìn mi lo jókòó sí, ò ń yọ́ mi wò!"

"Ṣé ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ máa wò?"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Bi Mwanakombo fọwọ́ tilẹ̀ dìde, ó fa leso tuntun kan, méjì tó ṣì so pọ̀ bó ṣe ti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé dé, ó nà án síwájú wọn. "Ẹ gbà, ẹ̀bùn ni. Kí ẹ pín in. Shee, mú àlùmọ́gàjí wá."

Shee gbé e lé àárín aṣọ. "Ṣé kí n gé e?"

"Dúró!" ni Mejumaa wí. "Ta ló máa gba apá ọ̀tún?"

"Èmi ni ìyàwó àgbà," ni Saumu wí.

"Ìyàwó àgbà tí mo kọ́ lóúnjẹ sísè!"

"Ìwọ? Ìrẹsì rẹ tó ń lẹ̀ bí èkó?"

"Òun náà lo bù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ọdún!"

"Ebi ló ń pa mí!" ni Saumu wí, ẹ̀rín sì gbé e kó tó mọ̀. Mejumaa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Apá méjèèjì leso náà bára mu délẹ̀délẹ̀, gbogbo èèyàn rí i àfi àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń bá a jiyàn lọ, èjìká kan èjìká, títí ìpè ìrun ọ̀sán fi dún.

Kò sẹ́ni tó lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹni tí wọ́n fẹ́ bú, àwọn mìíràn ní ẹni tí wọ́n fẹ́ bẹ̀, leso sì wà fún méjèèjì. Àwọn aránṣọ ń fi àlùmọ́gàjí lu ẹ̀rọ wọn gbangba-gbangba, àwọn obìnrin ń han yèèyèè láti ìdí mọ́ṣáláṣí dé ọ̀nà èbúté, ohùn Bi Mwanakombo ti há pátápátá nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n ti ìsọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bi Zamzam sọdá, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n gba àárín òpópónà gan-an lọ sílé, lójú gbogbo ayé.

"N kì í han-an-run," ni Bi Mwanakombo wí pẹ̀lú ohùn tó há náà.

"Ò ń han-an-run, Kombo."

"Mò ń mí sókè ni."

"Àwọn ológbò sá jáde nílé."

"Irọ́ lò ń pa! Ológbò mélòó?"

"Méjì. Ọ̀kan ò tíì padà."